Ojú Ìyá àti Àdírẹ́sì Inú Ilé

Ẹtì. Ọ̀la ni ààwẹ̀.

Wọ́n ní wọ́n ti rí oṣù. Èmi ò rí nǹkan kan lókè ju eruku lọ, ṣùgbọ́n mi ò bá ẹni tó rí i jiyàn.

Ọ̀gá Fuseini pè mí lónìí, ó ní iṣẹ́ ilé ìwòsàn ojú tó wà ní Kalpohin, èmi nìkan ni kí n lọ ṣe é. Láti èṣí tí mo ti ń bá a gun àkàbà, tí à ń na wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri Tamale ní Ghana níbí, kò fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ rí láìdúró sí mi lórí. Mo ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá," mo rọra jáde bí ọmọlúàbí. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé ni mo tó jó.

Wọ́n yá ilé ìwòsàn yẹn ní ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán inú ẹyin ojú. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n yà, ṣùgbọ́n kò sí dókítà níbẹ̀ tó lè kà á. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá ní Kumasi ti gbà láti máa kà á fún wọn. Ohun tó fẹ́ ni kí òun máa wọ inú kọ̀ǹpútà wọn fúnra òun láti Kumasi, kí òun lè fẹ àwòrán náà, kí òun yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ti dán ti WhatsApp wò. Ó fún àwòrán pọ̀ títí ohun tí wọ́n ń wá fi pòórá. Bí ọ̀nà yìí kò bá là kí ọdún ìtúnu tó dé, ẹni tó ni ẹ̀rọ yóò gbé e lọ, gbogbo ẹni tí ojú ń dùn yóò sì tún máa wọ bọ́ọ̀sì lọ Kumasi.

Ìyá ọkọ mi ò sì ní wọ bọ́ọ̀sì lọ Kumasi. Ojú òsì rẹ̀ ti ń ṣú láti èṣí. Wọ́n ní kó lọ síbẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú náà wò, ó ní rárá. Ọ̀nà yẹn ni Bàbá, ọkọ rẹ̀, gbà lọ tí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wálé. "Kí ojú fọ́ sàn ju kí n tún kọjá Buipe lọ," bó ṣe wí nìyẹn, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Kumasi ló ń wí, a sì ti bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ń kan wá.

Nítorí náà, iṣẹ́ Ọ̀gá Fuseini nìkan kọ́ ni mo gbà lónìí. Mi ò tíì sọ fún Ìyá.

Ààwẹ̀ kejì, Àìkú.

Ooru. Yìnyín tó jẹ́ sídì kan lánàá ti di sídì méjì lónìí, ẹni tó ń tà á sì ń wò mí lójú kòrókòró, ó ń kí mi kú ààwẹ̀.

Ààwẹ̀ kẹta, Ajé.

Mo dé Kalpohin ní kùtù kí oòrùn tó gbóná. Ilé ìwòsàn náà mọ́ tónítóní. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ráútà kan tí gbogbo wọn ń gbà jáde, àti àwo kan lórí òrùlé tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún wọn. Sumaiya, nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ẹ̀rọ àwòrán, fi aṣọ bò ó bí ẹni ń bo ọmọ tuntun. Ó ní eruku ni òun ń sá fún.

Ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní Kumasi pè mí. Ó ń fi imú sọ Òyìnbó fún mi, èmi náà ń fi imú dá a lóhùn, àfi ìgbà tí bírò bọ́ lọ́wọ́ mi tí mo ní, "Háà, ẹ dúró ná."

"Ṣé Yorùbá ni yín ni?"

"Ará Ìsẹ́yìn ni mí."

"Ẹ wá ń wò mí níran látàárọ̀! Bólúwadúró lorúkọ mi, ọmọ Iléṣà. Ẹ jẹ́ ká sinmi." Bí Òyìnbó ṣe parí láàárín wa nìyẹn. Ó ní, "Ẹ sáà fún mi ní àdírẹ́sì tí màá fi wọlé. Tiwa níbí, ojúlówó ni, ilé ìwòsàn rà á. Tiyín ńkọ́?"

Mo ní màá fi ránṣẹ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Orí NAT, pípààrọ̀ àdírẹ́sì lẹ́nu ọ̀nà, ni gbogbo rẹ̀ já sí. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bá mi fà á. Mo máa ń há a sórí fún ìdánwò, bí mo bá sì ti ń jáde ní gbọ̀ngàn, òun náà ń jáde lórí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ wọlé kó jókòó.

Ààwẹ̀ kẹrin, Ìṣẹ́gun.

Èmi àti Ìyá jókòó lábẹ́ dóńgóyárò, à ń ṣa ẹ̀wà tí a ó fi ṣe kóóse, àkàrà ibí. Mo gbé ìwé mi sórí itan.

"Ìyàwó, kí lò ń kà tí ètè rẹ ń mì bẹ́ẹ̀? Ṣé súrà tuntun ni?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá."

"To. Kà á sókè kí n gbọ́."

Mo gbìyànjú. Mo ní àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé ní àdírẹ́sì tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ránṣẹ́ síta, ráútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà á bọ́ àdírẹ́sì inú ilé kúrò lára iṣẹ́ náà, á fi tìta wọ̀ ọ́. Bí èsì bá dé, á bọ́ tìta, á tún fi tinú wọ̀ ọ́, á sì mú un dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

"Ta ló ní kó máa ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀?"

"Àdírẹ́sì ìta ò kárí ayé mọ́, Ìyá. Wọ́n ń ṣún un lò ni."

Ìyá ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Bí ìwọ ṣe ń pe Sherifatu ní Adúmáradán nìyẹn. Tó bá ti kọjá géètì yìí, ta ló mọ Adúmáradán?"

Mo gbé ojú sókè wò ó. Àbúrò ọkọ mi ni Adúmáradán. Wọ́n bí i sílé yìí kí n tó wọlé wá, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo ti fún un ní tèmi. Orúkọ kan nínú, orúkọ kan lóde, ẹnì kan náà ni. Ohun tí ìwé ń pè ní sítátíìkì gan-an nìyẹn: àdírẹ́sì inú kan, àdírẹ́sì ìta kan, wọn kì í pààrọ̀ láéláé. Mo ti ka ojú ewé mẹ́fà lórí rẹ̀ láàárọ̀ láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Èmi náà, "Ìyàwó" ni mò ń jẹ́ nílé yìí, ọdún kẹrin rèé. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé Ìyá ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi.

Nígbà tó dìde lọ ṣe àlùwàlá, mo wo àwo ẹ̀wà rẹ̀. Apá ọ̀tún mọ́ féfé. Gbogbo òkúta apá òsì ṣì wà níbẹ̀. Mo yára ṣà wọ́n kúrò kó tó padà, inú mi sì bàjẹ́.

Ààwẹ̀ karùn-ún, Ọjọ́rú.

Àwa obìnrin pọ̀ níbi àṣámù, ìrun òru ààwẹ̀, búùtà àlùwàlá ò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á mú èyí tó bá rí, á lò ó tán, á gbé e sílẹ̀, ẹlòmíràn á mú un. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn, kí o máa wòran. Irú NAT kejì nìyí, dàìnámíìkì: àdírẹ́sì ìta díẹ̀ wà nínú agbọ̀n, kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ jáde á mú ọ̀kan, á dá a padà. Kò sí èyí tó jẹ́ tẹnì kan. Mo dúró lórí ìlà, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan, obìnrin iwájú mi sì ń wẹ̀yìn wò mí.

Ààwẹ̀ keje, Ẹtì.

Mi ò gbààwẹ̀ láti òní títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọlọ́run ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Mo bo ilẹ̀kùn mu kókó, Adúmáradán sì gbọ́ ìró ṣíbí. "Ìyàwó, wallahi, rọra mu ún, a ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ!"

Bí ẹni tí kò gbààwẹ̀ ṣe máa ń di ẹrú ilé, èmi ni wọ́n ní kó ru ọkà gbogbo ilé lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọkà. Abọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: èédú wà nínú ti Ìyá, ìdérí ìgò wà nínú tèmi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Anwar, ọkọ mi, fi ata pupa kan sínú tirẹ̀. Ẹni tó ń lọ ọkà ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èmi tí mo gbé e wá nìkan ló mọ̀. Ó lọ gbogbo rẹ̀, ó kó o fún mi, mo délé, mo wo àmì, mo pín in.

Irú kẹta nìyẹn, òun sì ni gbogbo ilé ń lò: gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé ń jáde lórí àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo, ráútà á wá fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan kó má baà pọ̀ mọ́ra. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù. Mo ti rí i! Mo fẹ́ pe ẹni tó kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ kí n bi í pé kí ló dé tí kò rán wa lọ lọ ọkà.

Ààwẹ̀ kẹwàá, Ajé.

Mo ṣe é lónìí. Ẹni tó bá ti inú jáde, ráútà mọ̀ ọ́n, á jẹ́ kí èsì rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn ti ìta dé tó ń kan ilẹ̀kùn, ráútà ò mọ ibi tí yóò mú un lọ, á jù ú nù. Mo wá kọ́ ọ: tí ẹnikẹ́ni láti ilé ìwòsàn Kumasi bá kan pọ́ọ̀tù báyìí, mú un lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwòrán ojú wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn, má ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo wo ojú ráútà, mo ka àdírẹ́sì ìta rẹ̀. 100 ló fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe 192, kì í ṣe 10, àwọn yẹn ni mo mọ̀ sí àdírẹ́sì inú ilé. Mo fi ránṣẹ́ sí Bólúwadúró, mo ká apá mi, mo ń dúró de oríyìn.

"Kò wọlé o."

"Ẹ tún un tẹ̀."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé yín wà láyé?"

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò wọlé. Sumaiya gbé omi tútù fún mi, ó rántí pé ààwẹ̀ ni òun ń gbà, ó kọjú sí ògiri kó má baà rí mi bí mo ṣe ń mu ún.

Ààwẹ̀ kọkànlá, Ìṣẹ́gun.

Kò wọlé.

Ààwẹ̀ kejìlá, Ọjọ́rú.

Kò sí iná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Níbi ìṣínu, Ìyá da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó dà á sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní ife ló yẹ̀. Gbogbo wa gbà pé ife ló yẹ̀.

Ààwẹ̀ kẹtàlá, Ọjọ́bọ̀.

Mo kọ èyí pẹ̀lú ìtìjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa mí.

Mo pẹ́ ní Kalpohin. Mo rí dàbínù olómi àti fùrá tó tutù, irú èyí tí Ìyá fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé mi ò ní tètè délé, mo bá fi rán ọlọ́kadà kan. Mo ní, "Gidan Mai Kwano. Tó o bá débẹ̀, béèrè Adúmáradán, sọ pé ti Ìyá ni."

Ó ní, "Gidan Mai Kwano? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ọkàn mi balẹ̀. Ta ni ò mọ ilé aláwo? Bàbá bàbá Anwar ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ ru àwo wá sí ìlú yìí, kò sí ọmọ Zogbeli, àdúgbò wa, tí ìyá rẹ̀ ò jẹun nínú àwo rẹ̀ rí.

Mo délé lẹ́yìn ìrun, mo bá Ìyá tó ń mu kókó lásán. Kò sí dàbínù, kò sí fùrá. Mo pe ọlọ́kadà.

"Màdáámù, mo ti gbé e dé. Obìnrin kan gbà á, ó sì ṣàdúà fún yín gan-an."

"Obìnrin wo?"

"Ìyá ilé. Gidan Mai Kwano ní Nyohini. Mo béèrè ẹni tí ẹ dárúkọ, wọ́n ní àwọn ò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni yòówù tó bá jẹ́, kí Ọlọ́run san án fún un."

Anwar rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Nyohini náà ní Mai Kwano tiwọn! Fawzi, o ò dárúkọ Zogbeli fún un?"

"Ta ni ò mọ̀ pé Zogbeli ni?"

"O ò sì lè pe Sherifatu."

"Ṣé kí n pe orúkọ àna mi fún ọlọ́kadà?"

Adúmáradán ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín sókè. Ó ní, "Orúkọ inú ilé lo kó fún ará ìta, Ìyàwó. Méjèèjì." Ó wá ní kí n má bínú, pé ẹni tó bá fún alááwẹ̀ ní ìṣínu ní láádá, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé alááwẹ̀ Nyohini kò sí lára wọn.

Ààwẹ̀ kẹrìnlá, Ẹtì.

Orí ẹní ìrun àárọ̀ ni mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ Ìyá padà wá bá mi. Méjèèjì. Adúmáradán, mo mọ̀ pé tinú ilé ni. Ṣùgbọ́n Gidan Mai Kwano, èmi rò pé tìta ni, nítorí pé ìta géètì wa ni wọ́n ti ń pè é. Kò mọ̀ ju Zogbeli lọ. Zogbeli fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé ńlá kan tí tiwa wà nínú rẹ̀, àdúgbò mìíràn sì lè ní Mai Kwano tirẹ̀.

Mi ò dúró gbọ́ ìròyìn àárọ̀. Mo dé Kalpohin, mo wo ojú ráútà: 100 báyìí báyìí. Mo wá ṣí ibi kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń sọ fún ènìyàn pé, àdírẹ́sì tí àwa ará ìta fi rí ọ nìyí. Òmíràn ni! Kò jọ ara wọn rárá. Mo kígbe. Sumaiya sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ti kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ sínú ọgbà kan, òun náà sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì. NAT lórí NAT. Ìwé ní wọ́n ya àwọn kan tó fi 100 bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn gan-an. Gbogbo bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn tiwa láti ọjọ́ Ajé, kò burú, ó ṣí. Ẹnu ọ̀nà tiwọn ni Bólúwadúró ti ń kú sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá.

Inú mi dùn bí ẹni pé ó ti wọlé. Kò tíì wọlé o. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí kò fi wọlé, ìyẹn sì mú mi jẹ abọ́ túò méjì nígbà ìṣínu.

Ààwẹ̀ kẹtàdínlógún, Ajé.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin tó gbé e níwà. Ó ní àwọn lè ta àdírẹ́sì ojúlówó fún wa, Accra ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i, kò sì lè parí kí ọdún tó kọjá.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Fuseini. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nu ún. "Màdáámù, kó wáyà rẹ. Lẹ́yìn ọdún a ó tún gbìyànjú."

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ò ní sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ìbá sàn. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta títí dé Zogbeli, awakọ̀ sì rò pé owó ọkọ̀ ni mi ò ní, ó ní kí n máa lọ. Mo san án.

Ààwẹ̀ kọkàndínlógún, Ọjọ́rú.

Kí n yára kọ ọ́ kó tó sálọ.

Ọjà Anwar, àwọn ẹ̀yà ara máṣíìnì tó ń tà, dé láti Kumasi lónìí. Awakọ̀ pè é pé òun ti dé ibùdókọ̀, òun ò mọ Zogbeli. Anwar ń wọ bàtà. Èmi ń ro túò lọ́wọ́, mo ní, "Kí ló dé tí o ò júwe ilé fún un kó máa bọ̀?"

"Ṣé ìwọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí o júwe ilé fún ọlọ́kadà?"

"Má dá mi lóhùn."

"Àlejò tí kò mọ̀nà, mi ò ní kó wá mi wá. Èmi tí mo mọ ibùdókọ̀ ni màá lọ bá a. Tí a bá ti pàdé, ó kù kó máa tẹ̀lé mi bọ̀." Ó jáde.

Mo dúró pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti inú jáde, ẹnu ọ̀nà kì í dá a dúró. Tiwa ò ní dá a dúró, ti ilé-iṣẹ́ yẹn ò ní dá a dúró, méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èsì rẹ̀ padà wọlé. Kumasi ní àdírẹ́sì ojúlówó tí gbogbo ayé mọ̀. Bólúwadúró ti fi yangàn fún mi láti ọjọ́ kìíní. Kí ló dé tí Kumasi fi ń wá Kalpohin kiri? Kalpohin ni kó jáde lọ bá Kumasi, kó di ọ̀nà yẹn mú ní ṣíṣí, kí dókítà máa gba ibẹ̀ bọ̀.

Túò jóná. Mo pe Bólúwadúró.

"Ẹ má wá wa mọ́. Àwa là ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ kàn fún wa ní àyè kan lọ́dọ̀ yín tí a ó kàn."

Ó pariwo: "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Kí ló dé tí a ò ti ṣe bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fún yín ní àdírẹ́sì."

"Ẹ̀yin náà lẹ fún mi."

A pín ẹ̀bi náà sí méjì ọgbọọgba. Anwar délé, ó jẹ túò jíjóná náà tán. Ó rí ojú mi.

Ààwẹ̀ kejìlélógún, Àbámẹ́ta.

Ọ̀nà là lánàá, ó sì tún dí. Ó ń là, ó ń dí. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó dára. Tí a bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ti kú. Ẹnu ọ̀nà NAT máa ń gbàgbé ẹni tó bá dákẹ́ pẹ́. Mo ti wá ní kí kọ̀ǹpútà máa ké sí Kumasi léraléra pé mo wà níbí o, kódà bí kò bá ní nǹkan sọ. Ìyá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá rẹ̀. "Ìyàwó!" "Ìyá!" "Kò sí nǹkan."

Ààwẹ̀ kẹrìnlélógún, Ajé.

Ó wọlé! Ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Èmi àti Sumaiya jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní Kalpohin, ọwọ́ wa wà lórí itan wa, àwòrán ojú bàbá àgbà kan sì ń fẹ̀ sí i fúnra rẹ̀, ó ń yí, ó ń sún mọ́ tòsí. Dókítà ló ń ṣe é láti Kumasi. Sumaiya ní, "Bismillahi," ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ti ka ojú ènìyàn méjìlá kó tó di ìrun alásárì.

Ọ̀gá Fuseini wá fúnra rẹ̀ wá wò ó. Ó béèrè bí mo ṣe ṣe é. Mo sọ fún un. Ó ní, "Kai, Màdáámù." Ó tún ní, "Kai." Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ààwẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Ìṣẹ́gun.

Òjò àkọ́kọ́! Kò ju wíńní lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ta sánsán, gbogbo ilé sì jáde sí àgbàlá. Mo fi ìdùnnú yẹn ṣe àtẹ̀gùn, mo sọ fún Ìyá.

"Kò sí Buipe níbẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá. Kalpohin ni. Ẹ ó jókòó, ẹ ó gbé àgbọ̀n lé nǹkan, iná á kọ mànà, ó parí."

"Dókítà Kumasi á sì rí ojú mi láti ibẹ̀?"

"Á rí i."

Ó na ọwọ́ síta, òjò ń kán sí i. "Ìwọ lo la ọ̀nà yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"To. Aṣọ funfun ni màá wọ̀."

Ààwẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Ọjọ́rú.

Ó wọ funfun. Ó ti lé tìróò, Sumaiya ní kí wọ́n nù ún kúrò, Ìyá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀. Iná kọ mànà lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán jáde, ó pupa, ó kún fún iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, apá kan sì rí bí ẹni pé èéfín bò ó. Mo mú ọwọ́ Ìyá. Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó fẹ̀, ó dúró, ó tún yí. Ó pẹ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń ka àwọn iná tó ń ṣẹ́jú lára ráútà.

Dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Sumaiya ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa. Ó ní iṣan ẹ̀yìn ojú náà yè, pé èyí tí òun ń bẹ̀rù kọ́ ni, èyí tí kò ní àtúnṣe. Awọ ló bo dígí ojú lápá iwájú. Wọ́n lè ṣí i. Tamale níbí ni wọn yóò ti ṣí i lẹ́yìn ọdún, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá dé.

"Mi ò ní lọ Kumasi?" ni Ìyá kọ́kọ́ béèrè.

"Ẹ ò ní lọ ibì kankan, Hajia."

Ìyá ní Alhamdulillahi. Èmi ti ń sunkún láti ìgbà tó ti ní iṣan yè, mi ò tún bò ó mọ́lẹ̀.

Bí dókítà ṣe fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní òun ti ń gbọ́ látẹnu Bólúwadúró nípa ẹni tó la ọ̀nà yìí, orúkọ wo ló ń jẹ́ ná? Sumaiya yíjú sí mi. Ẹnu mi ò tíì là tí Ìyá ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi Hausa sọ ọ́, ketekete, bí ẹni ń kéwú:

"Fawziyyah lorúkọ rẹ̀. Fawziyyah ọmọ Àdìsá, ará Ìsẹ́yìn. Gidan Mai Kwano ní Zogbeli, ní Tamale. Tí ẹnikẹ́ni bá ń wá a, ibẹ̀ ló ń gbé, ọmọ mi ni."

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń jẹ́ Ìyàwó. Orúkọ bàbá mi pàápàá wà lẹ́nu rẹ̀, kò ṣì í pè.

Èmi àti Ìyá wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. A sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjá géètì, ó ní, "Ìyàwó, gbé omi àlùwàlá wá fún mi."

Mo ti ń gbé e bọ̀.